Ẹni Tó Ń Rì Kì Í Pariwo

Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ wá jókòó lórí àga gíga létí omi. Fíìmù ló ti ba ojú gbogbo wa jẹ́. Nínú fíìmù, ẹni tó ń kú lọ a máa ju ọwọ́ sókè, a máa ké "ẹ gbà mí o", omi a sì máa ta yí i ká. Ọmọ tó bá ń ké bẹ́ẹ̀ ṣì ní èémí tó fi ń ké. Bóyá eré ló ń ṣe. Ẹni tó ń rì ní tòótọ́ á nàró nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í ta, orí rẹ̀ á ṣí sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á máa wọnú omi á tún máa yọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa tẹ omi mọ́lẹ̀. Kò lè juwọ́ sí ọ. Okùn tó o bá jù sí i gan-an, kò lè na ọwọ́ gbà á bí kò bá bọ́ sórí apá rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti lọ sísàlẹ̀. Francesco Pia, tó ṣe láífúgáàdì ní etíkun Orchard Beach ní New York, ló ya irú nǹkan báyìí sínú fíìmù, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní àwọn ọdún 1970. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lójú ara mi: ọmọdébìnrin kan wà láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìkankan nínú wọn ò mọ̀ pé àbúrò wọn ń lọ.

Ní Edjeba ni mo ti ṣe iṣẹ́ láífúgáàdì tèmi, ní Wárì, Ìpínlẹ̀ Delta. Epo ló gbé bàbá mi débẹ̀ láti Ìkìrun, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá débẹ̀ nígbà náà. Shell kọ́ ibùgbé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí Edjeba, ọ́fíìsì wọn wà ní Ogunu nítòsí, owó tó ń tibẹ̀ jáde ló sì ń bọ́ olóúnjẹ, ọlọ́tí, mẹkáníìkì àti télọ̀ títí dé Effurun. Ìjà ẹ̀yà ọdún 1997 àti ti 2003 da nǹkan rú. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Port Harcourt, ilé ń ṣófo, onílé ń sọ owó ilé kalẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shell fúnra rẹ̀ ta ilé-iṣẹ́ tó fi ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ Renaissance. Ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni odò, láàárín Urhobo, Ìṣẹ́kírì àti Ijaw? Ọmọ àlejò bíi tèmi kì í dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí owó epo ṣe ń fò lọ tó, ará Wárì ò fi fàájì sílẹ̀. Ilé ìgbafẹ́ aládàáni kan ló gbà mí síṣẹ́. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Púùlù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ọtí, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn púùlù, bó bá sì di ọjọ́ Sunday, orin, ariwo ẹ̀rọ àti òórùn ẹja yíyan á pàdé lórí omi.

Mo ti mọ odò kí n tó mọ púùlù. Odò Wárì máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí òkun ló ń tì í tó tún ń fà á láti ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ Ìṣẹ́kírì tí a jọ ń lọ sílé ìwé ló kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Èdè wọn sún mọ́ tiwa débi pé ìyá mi àti ìyá wọn lè nájà ẹja láìsí ògbufọ̀. Èèwọ̀ ni odò nílé wa. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò bi mí léèrè rí bóyá mo lọ tàbí n kò lọ. Á kàn ní kí n mú apá wá, á fi èékánná fà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ara tó bá ti pẹ́ nínú odò, ilà funfun ni èékánná máa ń fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rí ti dé nìyẹn, ẹjọ́ ti tán, ó ku pàṣán.

Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, ọmọ Ijaw kan tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kò jẹ́ kí ìkankan nínú wa wọ omi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pá gígùn ló kó lé wa lọ́wọ́, àti okùn, àti róbà tó léfòó. Kọ́kọ́ na ọ̀pá. Bí ọ̀pá ò bá dé ibẹ̀, ju okùn. Bí okùn ò bá dé ibẹ̀, wa ọkọ̀ lọ, bí ọkọ̀ bá wà. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá kùnà ni kó o tó bẹ́ sómi, kó o sì mú nǹkan tó léfòó dání, má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. A ń kùn. Àwa tí a mọ omi wẹ̀ báyìí, a wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju okùn! Ó ní ká sún mọ́ òun. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn nínú omi tó mù mí dé àyà, ọkùnrin náà sì sanra, ìgbà yẹn ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí: ẹni tó ń rì kò mọ̀ ọ́ ní olùgbàlà, àkàsọ̀ ló kà ọ́ sí, ó fẹ́ gùn ọ́ lọ sókè ni. Bó bá ti mú ọ, má bá a jà. Mí sínú, kó o sì rì. Ìsàlẹ̀ ni ibi tí òun kò fẹ́ lọ, á jù ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rì, ó sì jù mí sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan jábọ́ sódò, ẹ̀gbọ́n bẹ́ tẹ̀lé e, bàbá bẹ́ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n sì gbé òkú mẹ́ta jáde. Okùn wà nínú ọkọ̀ ẹni tó kẹ́yìn bẹ́ sómi. Ìfẹ́ ò jẹ́ kó rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an, wíwò ni. Ìlànà tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn aṣọ́púùlù káàkiri ayé ni pé kí ojú rẹ yí gbogbo omi tó wà níkàáwọ́ rẹ ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kó o sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu láàárín 20. Ó rọrùn lẹ́nu. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á tàn sórí omi, ìdajì púùlù á di dígí, o ò ní í rí ìsàlẹ̀ àfi tó o bá dìde tó o sì rìn lọ sí òdìkejì. Èmi ò jókòó lórí àga tí wọ́n fún mi láti aago méjì sí aago márùn-ún. Ọ̀gá àgbà wa rò pé ara mi ò balẹ̀ ni.

Nígbà kan, dísẹ́ẹ̀lì ò sí, ẹ̀rọ tó ń fa omi tó sì ń sẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi náà wá rí bí ó ṣe rí: àwọ̀ ewé, kò mọ́, kò dọ̀tí. Òfin kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi dúnàá-dúrà lé lórí. Bí o bá dúró létí omi tí o kò rí ihò tó ń gba omi jáde nísàlẹ̀ apá tó jìn jù lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rì síbẹ̀, ìwọ náà ò ní í rí i. Ọ̀gá àgbà ní àwọn ènìyàn ti sanwó ní géètì. Mi ò bá a jiyàn. Mo fi àkísà dúdú wé búlọ́ọ̀kù kan, mo rọra jù ú sí apá tó jìn, mo wá lọ pè é.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá búlọ́ọ̀kù kan tó wà nínú omi yẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. "Níbo lo jù ú sí?"

"Èmi náà ò mọ̀ mọ́, sà."

Ó dúró díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá owó àwọn ènìyàn padà.

Àmọ́ omi kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí, ènìyàn ni. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà. Wọ́n wá so fèrè mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní kí n máa fi pàṣẹ fún olóyè, fún kọńtírákítọ̀, fún ọ̀gá ọlọ́pàá tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, fún àwọn tó ti mu ìgò mẹ́ta tí ìkẹrin wà lọ́wọ́ wọn. Ní Wárì, kò sẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀gá. Bí o bá fọn fèrè mọ́ àgbàlagbà níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, o ti dójú tì í. Ọkùnrin tí ojú bá sì tì níwájú ọ̀rẹ́, á bẹ́ sómi kó lè fi hàn pé ojú ò ti òun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ó pẹ́ kí n tó mọ ọ̀nà tí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn gbà.

Mo rántí bàbá kan, Yorùbá bíi tèmi, tó dìde nídìí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ìgò bíà, tó kọrí sí apá tó jìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo lọ pàdé rẹ̀, mo tẹríba.

"Ẹ kú ìgbafẹ́, sà."

"Káre o. Ọmọ Yorùbá ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìkìrun ni bàbá mi ti wá."

"Ìkìrun! Ará ilé ni ọ́ nígbà náà."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ má bínú, sà, apá ibí yìí jìn gan-an."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mo ti ń wẹ odò Ọ̀ṣun kí wọ́n tó bí ọ?"

Àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún sọ ohun kan náà, ó ti wọ omi. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ọmọ rẹ̀ kékeré níbi tí omi ò ti jìn.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Nítorí pé ẹ mọ omi ni mo ṣe wá bẹ̀ yín. Àwọn ọmọdé pọ̀ níbi yẹn, ọmọ yín náà wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì wà lórí àga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúró tì wọ́n díẹ̀."

Ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ náà. Ó gbé ìgò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, inú omi tó mù ún dé orúnkún ló dúró sí, ó ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n yé sáré lórí táìsì, ó sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé láífúgáàdì ló fi òun ṣe igbákejì. Ó kù díẹ̀ kó gba fèrè lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi "ẹ má lọ síbẹ̀" bá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni mo máa ń fún un.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìgbéraga ni mo rò pé òwe yẹn ń bá wí, àṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti èémí wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ́síjìn ń tán ló ń jẹ́ kí ara sọ fún wa pé ká mí. Kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ borí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré ta-ló-lè-pẹ́-jù-lábẹ́-omi á kọ́kọ́ dúró létí púùlù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń kó jọ bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù ló ń tú dà nù. Bó bá wá dé abẹ́ omi, agogo ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ ò ní í lù. Ọ́síjìn á tán nínú ọpọlọ, á dákú, láìjà, láìtapá.

Ní ìsinmi Kérésìmesì kan, nínú ọyẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní púùlù wa. Òun ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó nà gbalaja sísàlẹ̀, ó di ọ̀pá àkàbà mú kó má bàa léfòó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kà á láti òkè. Mo ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń ṣí kúrò lára ọ̀pá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kì í ṣí ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ́.

Nígbà tí a gbé e sórí táìsì, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró, kò mí. Ẹni tí omi bá ti dá èémí rẹ̀ dúró, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ń fẹ́: mo dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, mo dí i nímú, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń wú. Lẹ́yìn náà, títẹ àyà: ìgbà 30, atẹ́gùn méjì, ìgbà 30, atẹ́gùn méjì, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ó le ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Apá á máa gbọ̀n. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èrò ti pé jọ. "Ẹ gbé e kodò!" "Ẹ tẹ ikùn rẹ̀ kí omi jáde!" "Ẹ bu epo pupa sí i lẹ́nu!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá gbé e kodò, àkókò la fi ń ṣòfò, bí a bá tẹ ikùn rẹ̀, èébì á gba ibi tí èémí ń gbà. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ gbé àga oníke kan lọ́wọ́, ó fi ń lé wọn sẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àga yẹn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọmọ náà húkọ́, ìfófòó jáde, a dá a sí ẹ̀gbẹ́, ó ń sunkún. A ṣì gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tí omi bá ti dé lè dààmú ènìyàn ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo èrò ti túká.

Bàbá rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rò pé ó wá kí mi. Ó wá béèrè ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ òun láìsí àgbà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ṣáájú ni pé ẹ̀rù tèmi náà á dé lẹ́yìn. Ó pẹ́ kí n tó lè jókòó jẹun níbikíbi tí mo bá kẹ́yìn sí omi. Mo máa ń la ojú mi sílẹ̀ lóru, mo ń wo ìka tó ń ṣí. Ìyàwó mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí mo wá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó tó kéré ni mo tọ́ka sí.

Àbúrò ìyàwó mi kan ń gbé ní Colorado. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi nípa àwọn tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fi síkì ṣeré lórí òkè yìnyín níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì pupa, àmì àgbélébùú funfun lẹ́yìn, wọ́n ń fa ẹni tó fara pa sọ̀kalẹ̀ lórí ohun kan tó ń yọ̀ lọ. Mo lọ wá ìtàn wọn kà. Ní 1936, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Minot Dole ṣẹ́ kókósẹ̀ lórí òkè kan ní Stowe, ìpínlẹ̀ Vermont, páànù òrùlé ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn kú nínú ìdíje síkì. Ìbànújẹ́ yẹn wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ National Ski Patrol tí Dole dá sílẹ̀ ní 1938. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí tèmi: wọ́n á fi okùn pààlà ibi tó léwu, olówó tó mọ̀ ọ́n ṣe á gba abẹ́ okùn kọjá. Àti pé iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kí àlejò tó jí. Wọ́n á fi nǹkan abúgbàù wó yìnyín tó fẹ́ ya lulẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó ya lórí ènìyàn. Kò sẹ́ni tó ń ya fídíò ìyẹn.

Lẹ́yìn ògiri ilé ìgbafẹ́ wa, tí kò jìn rárá, odò wà níbẹ̀ láìsí àga, láìsí fèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní 2021, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Púùlù kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí odò Wárì bá ń fà lọ sísàlẹ̀, ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ létí ọkọ̀ á ti kọjá ọkọ̀ kẹta kí ìyá rẹ̀ tó bojú wẹ̀yìn. NIWA, àjọ tó ń mójú tó odò Nàìjíríà, ń pariwo pé kí gbogbo èrò ọkọ̀ ojú omi wọ láífú jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin á ní ó ń rùn, á fi ìdọ̀tí ra léèsì àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ń rùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ máa fọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá sì kú, wọ́n á ní ẹ̀mí inú omi ló mú un. Èmi kì í bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn.

Níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń dúró sí létí odò, mo so kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí mo dé pinpin, mọ́ okùn gígùn. Ó lè gbé àgbàlagbà méjì tó bá dì í mú, orí wọn á wà lókè omi. Wọ́n jí i gbé. Mo so òmíràn, wọ́n jí ìyẹn náà; ní Wárì, kẹ́ẹ̀gì lówó lórí, kẹrosíìnì ń wá ilé. Mo rò ó pé kí n lu ihò sí i kó má bàa wúlò fún epo, àfi ìgbà tí mo rántí pé kẹ́ẹ̀gì oníhò kì í léfòó. Níkẹyìn, mo lọ bá Mama kan, Ìṣẹ́kírì, tó ń ta ẹja gbígbẹ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun ò lè tọ́jú nǹkan tí kì í ṣe tòun, kí n kọ orúkọ òun sí i lára. Mo fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò jí i. Àwọn awakọ̀ a máa yá okùn rẹ̀ so ọkọ̀ wọn, mo sì lọ fẹjọ́ sùn pé bí ewu bá dé nígbà tí okùn wà lára ọkọ̀ ńkọ́. Mama ti mọ̀ ṣáájú mi: owó ìtanràn ló ń gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi ra kẹ́ẹ̀gì kejì. Mo sọ fún un pé okùn ti kejì gbọ́dọ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí nígbà tí odò bá ń fà, ọmọ á ti jìn kí kẹ́ẹ̀gì tó bọ́ sómi. Ó ní ó ti yé òun, kí n mú owó okùn wá.